Bíréèkì Inú Páálí Ojúlówó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jí wa sáyé láàárọ̀ yìí, tí kò jẹ́ kí oorun àná di oorun àìjí. Ìkẹ́ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa gbé, kó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tọ ipa wọn. Ẹ̀yin ìyá mi tẹ́ ẹ jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fara ti ọkọ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, àti ẹ̀yin ará wa tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí ṣùgbọ́n tí ẹ wá fetí sí wa, mo kí gbogbo yín. Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá wa gbé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá lónìí, mi ò ní da òmíràn pọ̀ mọ́ ọn. Òun ni pé ẹni tó bá ń tajà, dandan ni kó jẹ́ kí ẹni tó ń rà á mọ ohun tó ń rà. Bó bá ní àléébù, kó sọ ọ́. Bí kì í bá ṣe ohun tí oníbàárà béèrè ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó là á fún un kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ara wọn pé, Àáfà, ta ni kò mọ ìyẹn? Ẹ fara balẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ mọ̀ ọ́n bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ti lọ sí Mẹ́kà. Kì í jẹ́ kí ìrun kọjá àsìkò. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àlàájì Bádírù ni orúkọ rẹ̀. Ìkìrun ló ń gbé, ọ̀nà Ìgbájọ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ló ń tà níbẹ̀: bíréèkì, fílítà, bẹ́líìtì, díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, gbogbo ohun tí mẹkáníìkì lè ní kẹ́ ẹ lọ rà wá. Pẹpẹ méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Lórí ti òkè ni ojúlówó wà, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fọwọ́ ara wọn ṣe. Lórí ti ìsàlẹ̀ ni àfijọ wà, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ṣe kó lè bá ọkọ̀ náà mu, tí kò sì wọ́n tó ti òkè.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àfijọ kì í ṣe hàràámù. Mo bi àwọn mẹkáníìkì léèrè kí n tó gun orí àga yìí. Wọ́n ní àwọn kan wà nínú àfijọ tó dára gan-an, tó máa ń bá ọkọ̀ pẹ́. Wọ́n ní àwọn kan sì wà tí kò yẹ kéèyàn fi sára kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ẹni tí agbára rẹ̀ mọ sí àfijọ, kó rà á, kó mọ̀ pé òun lòun rà. Hàláálì ni. Irin ò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ẹnu tó ń tà á ni mò ń bá wí.

Fún ọdún mẹ́rìnlá, bí Àlàájì ṣe máa ń tajà rẹ̀ nìyẹn. Á gbé méjèèjì sílẹ̀ níwájú yín, á ní ojúlówó rèé, àfijọ rèé, èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ mú. Ó wá di ọjọ́ kan, oníbàárà kan wá béèrè fílítà ojúlówó. Ti òkè ti tán. Ọkùnrin náà ti yí ẹ̀yìn padà, ó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú. Páálí ojúlówó kan tó ti ṣófo wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Àlàájì. Ó ní kí ọkùnrin náà dúró ná, kí òun wò ó lẹ́yìn bóyá ó kù. Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó mú àfijọ, ó kì í bọ inú páálí ojúlówó, ó gbé e jáde. Ọ̀sán gangan ni. Ẹnikẹ́ni ò rí i.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹnikẹ́ni ò rí i? Ẹ dá mi lóhùn.

Nígbà tó ń kírun Aláásárì lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé iye ráká tó ti kí. Ó ń retí kí ọkùnrin yẹn padà wá bá òun jà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin náà padà wá lóòótọ́, ọpẹ́ ló wá dú, ó sì mú oníbàárà mìíràn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Àlàájì ti ṣìnà. Ó rò pé bí kò ti sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tí òun ṣe. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó ti ń ra páálí òfìfo lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ó ń tọ́jú wọn síbi tí òjò ò ti ní pa wọ́n.

Bàbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sáláwù, awakọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló fi ń gbé èrò láti Ìkìrun lọ sí Ìgbájọ, tó fi ń gbé wọn bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀, tí òkè wà lápá kan, tí ọ̀gbun wà lápá kejì. Mẹkáníìkì tó ń bá a tún bọ́ọ̀sì náà ṣe ni Músẹ́díìkù, ọkùnrin kan tí ò tíì pé ogójì ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Músẹ́díìkù ti sọ fún un pé bó bá jẹ́ díńgí tàbí fílítà, kó ra àfijọ, kó fowó tó kù tọ́jú ilé. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí yóò máa gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, kó má ra ohun mìíràn àfi ojúlówó. Bàbá Sáláwù gbà. Ó fi oṣù méjì tu owó náà jọ, ó wá bá Àlàájì.

Ó ní, “Àlàájì, mi ò fẹ́ àfijọ o. Orí òkè Ìgbájọ ni mò ń lọ lójoojúmọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kó. Ojúlówó ni kẹ́ ẹ fún mi.”

Àlàájì gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní ojúlówó wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ náà. Kò tán. Ó ní ó ti mọ́ ọwọ́ òun lára, ọwọ́ náà kàn lọ síbi tó ti máa ń lọ. Ó gbé àfijọ fún un nínú páálí ojúlówó, ó sì gba owó ojúlówó lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Músẹ́díìkù fẹ́ fi páàdì bíréèkì náà sínú ọkọ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ ò gbà á. Ó ní ìwúwo rẹ̀ kò tó. Ó ní kí Bàbá Sáláwù pe Àlàájì lórí fóònù, kí ohùn rẹ̀ sì jáde síta kí òun náà lè gbọ́. Wọ́n pè é. Bàbá Sáláwù sọ fún un pé mẹkáníìkì òun ń ṣiyèméjì.

Àlàájì dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi Bádírù ni mo lè tan yín jẹ?”

Bàbá Sáláwù rẹ́rìn-ín, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi páàdì náà sínú ọkọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni Àlàájì pa àbí ìbéèrè ló béèrè? Mo bi yín torí pé ọ̀rọ̀ yìí ló rọ̀ mọ́ fún oṣù mélòó kan. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò sọ pé ojúlówó ni, òun kàn bi wọ́n léèrè ni. Ẹ wo bí ọmọ Ádámà ṣe lè jókòó kó máa bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ṣàríyànjiyàn lórí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ ọjà, Bàbá Sáláwù ń sọ̀ bọ̀ láti Ìgbájọ pẹ̀lú èrò mẹ́tàlá. Ó tẹ bíréèkì, ó gbọ́ ariwo irin lórí irin, bíréèkì ò sì mú mọ́. Páàdì náà ti bó kúrò lára irin tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọ̀gbun wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, òkè wà lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ òsì sì ni awakọ̀ ń jókòó sí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó yí ọwọ́ ọkọ̀. Òsì ló yí i sí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lu òkè títí ọkọ̀ fi dúró. Nínú àwọn mẹ́tàlá, ẹnikẹ́ni ò kú. Ara àwọn kan bó, àwọn kan rọ́ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ òsì Bàbá Sáláwù ni wọ́n gé lábẹ́ orúnkún ní ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ìròyìn dé ṣọ́ọ̀bù, Àlàájì ń ka nọ́ọ̀tì fún oníbàárà kan. Ó ní òun ń kà á lọ, òun ò dúró.

Àwọn awakọ̀ pe ìpàdé ní gáréèjì. Wọ́n pe Músẹ́díìkù, wọ́n sì pe Àlàájì tó ta ọjà. Alága wọn béèrè lọ́wọ́ Àlàájì bóyá ọjà rẹ̀ dára. Ó ti mú ojúlówó kan dání láti orí pẹpẹ òkè. Ó gbé e fún wọn pé irú èyí tí òun tà nìyí, wọ́n ń gbà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń mi orí pé ó dára. Èyí tó bó lára bọ́ọ̀sì ti sọ nù sínú ọ̀gbun. Wọ́n wá kọjú sí Músẹ́díìkù, wọ́n ní a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kò fi í sínú ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Músẹ́díìkù ò jà. Ó wo Àlàájì, ó ní, “Mo béèrè lọ́wọ́ yín, Àlàájì.” Àlàájì ò wò ó lójú. Alága pàṣẹ pé kí awakọ̀ kankan má gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Músẹ́díìkù mọ́. Kí oṣù yẹn tó parí, koríko ti ń hù nínú ọgbà iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó kúrò ní Ìkìrun.

Ẹ ò rí i báyìí? Ẹ̀ṣẹ̀ kan ló dá ní ṣọ́ọ̀bù. Èkejì ló dá ní gáréèjì. Èwo ló burú jù? Mi ò tíì ní dáhùn.

Láti ìgbà yẹn, Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sàárà. Ó ra ẹní tuntun fún mọ́sáláásí. Ó ń gba ààwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ń yìn ín. Ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Ráfátù, ló ṣàkíyèsí pé ó ń rù. Ó bi í léèrè bóyá àìsàn kan ń ṣe é, Àlàájì ní ààwẹ̀ ni. Ó ń gbé ẹ̀wà, ìrẹsì àti òróró lọ fún Bàbá Sáláwù nílé. Ìyẹn ló wá di ìyà fún un. Gbogbo ìgbà tó bá dé ibẹ̀, Bàbá Sáláwù á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ní, “Àlàájì, nínú gbogbo àwọn tí mo bá ṣòwò, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbàgbé mi. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ kọ. Bẹ́ ẹ ṣe ṣe fún mi yìí, kí Ọlọ́hun máa ṣe fún yín.”

Ẹ wo àdúà náà dáadáa. Bí Àlàájì ṣe ṣe fún un, kí Ọlọ́hun máa ṣe fún Àlàájì. Gbogbo ilé á ṣe Àmín. Àlàájì nìkan ni kì í ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán èèyàn pẹ̀lú ẹrù náà, kó má bàa gbọ́ àdúà yẹn mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọ̀rọ̀ náà dópin. Àlàájì pẹ́ kó tó dé mọ́sáláásí, àyè tó rí wà ní ìparí ìlà kẹta. Nígbà tó gbé ojú sókè, Bàbá Sáláwù ló jókòó lórí àga lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò lè sá mọ́, àwọn èèyàn ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù wá ní kí wọ́n to ìlà wọn dáadáa, kí wọ́n dí àyè, kí ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Àlàájì na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ síbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ òsì Bàbá Sáláwù wà. Igi ló kàn. Ọ̀pá tí bàbá náà fi ń rìn ló wà níbẹ̀.

Àlàájì sọ fún mi pé òun ò mọ ohun tí Lèmọ́ọ̀mù kà nínú ìrun yẹn. Ó ní igi náà tutù, òun ò sì lè fa ẹsẹ̀ òun kúrò lára rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n sálámà tí ìrun parí, ó tẹ̀ lé bàbá náà jáde. Nídìí igi dóńgóyárò lẹ́yìn mọ́sáláásí, níbi tí Bàbá Sáláwù ti dúró kó sinmi, Àlàájì kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú agbádá Jímọ̀ lọ́rùn, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti páálí. Ó sọ pé ojúlówó wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ náà. Ó sọ ohun tó ṣe ní gáréèjì.

Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí wọn, wọn ò mọ ohun tó ń lọ. Nígbà tí Bàbá Sáláwù máa dá a lóhùn, kò pè é ní Àlàájì mọ́.

Ó ní, “Bádírù, dìde. Ẹsẹ̀ mi ò lè padà wá. Iṣẹ́ Músẹ́díìkù ṣì lè padà. Lọ bá a ná. Má tíì bẹ̀ mí.”

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó ní Ìrágbìjí ni Àlàájì ti bá Músẹ́díìkù, ó ń ru igi. Àlàájì sọ tẹnu rẹ̀, ó ń retí kí ọkùnrin náà gbá òun létí. Músẹ́díìkù kàn jókòó sórí igi tó ń rù.

Ó ní, “Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá. Mo ti gbà pé ọwọ́ mi ló ṣe é. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá di nọ́ọ̀tì kan, mo máa tú u wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò tún ní gbà pé ó dì. Ìyẹn ni mo ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe torí alága.”

Ẹ̀yin ará mi, ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀, pé èwo ló burú jù. Ọkùnrin kan gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó wá gba ọwọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ọwọ́ náà sì ṣì wà lára rẹ̀, tí kò lè fi í ṣiṣẹ́ mọ́.

Músẹ́díìkù ní òun ò fẹ́ owó. Ó ní ibi tí wọ́n ti dá òun lẹ́bi ni kó ti lọ sọ òótọ́. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Àlàájì dúró ní gáréèjì lójú alága, lójú awakọ̀, lójú àwọn ìyá tó ń wọkọ̀, ó sọ ọ́. Àwọn kan ṣépè fún un. Àwọn kan tutọ́ sílẹ̀. Alága fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Músẹ́díìkù, ó ní kó padà wá. Músẹ́díìkù padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́rin kó tó gbà láti fọwọ́ kan bíréèkì ọkọ̀ kankan. Àlàájì ta ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́lé kejì, ó fi ra bọ́ọ̀sì mìíràn tí ọmọ Bàbá Sáláwù ń wà báyìí. Oníbàárà ò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó wá padà lọ bẹ Bàbá Sáláwù. Bàbá náà ní, “Mo yọ̀ǹda ẹsẹ̀ mi fún ọ, nítorí Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Bádírù, kì í ṣe èmi nìkan lo tà á fún. Mi ò lè bá àwọn yòókù yọ̀ǹda tiwọn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí Àlàájì sinmi títí dòní. Ó wá àwọn tó mọ̀ lára oníbàárà rẹ̀ lọ, ilé dé ilé, ó ń yọ àfijọ kúrò lára ọkọ̀ wọn, ó ń fi ojúlówó sí i. Ṣùgbọ́n ọjà ẹ̀bá ọ̀nà ni. Àwọn mìíràn kàn dúró, wọ́n rà á, wọ́n kọjá lọ. Ó rántí obìnrin kan tó wa ọkọ̀ pupa, tó gbé ìbejì sẹ́yìn ọkọ̀. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò mọ ìlú rẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá gbọ́ pé jàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ níbì kan, ìbéèrè kan ṣoṣo lòun máa ń béèrè, pé àwọ̀ wo ni ọkọ̀ náà.

Òun ló wá bá mi, ó ní kí n máa sọ ìtàn yìí níbikíbi tí mo bá ti ṣe wáàsí, kí n sì má fi orúkọ òun pamọ́. Nítorí náà, mo bẹ yín lórúkọ Ọlọ́hun: ẹni tó bá ra bíréèkì ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ìgbájọ ní Ìkìrun láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó má wa ọkọ̀ náà kúrò níbí kí mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ ẹ bá mọ obìnrin kan tó ní ìbejì, tó ń wa ọkọ̀ pupa, ẹ sọ fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, bóyá epo lẹ̀ ń tà, bóyá oògùn, bóyá sìmẹ́ńtì, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́hun, bó o bá tuuba, Aláforíjì ni. Ẹ̀tọ́ èèyàn ńkọ́? Ọwọ́ ẹni tó ni ín ló wà. Bó ò bá mọ ẹni náà ńkọ́? Ibo lo ti fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ kí Àlùkìyáámọ̀ tó dé? Ohun tó wà nínú páálí, sọ ọ́ nígbà tí oníbàárà ṣì dúró níwájú rẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọwọ́ sókè. Ìwọ Ọba tó mọ ohun tá a fi pamọ́, là wá lójú kí ibi tó mọ́ ọwọ́ wa lára. Fún wa ní ẹnu tó lè sọ òótọ́ nígbà tí òótọ́ máa dí ọjà wa lọ́wọ́. Ẹni tá a ti rẹ́ jẹ tá ò mọ ibi tó wà, bá wa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, mú un délé láyọ̀, kó o sì jẹ́ ká pàdé rẹ̀ láyé ńbí, ká lè bẹ̀ ẹ́. Tọ́ wa sọ́nà, Ọlọ́hun, má sì fi wá sílẹ̀ fún ara wa. Àmín.